Àwòrán Kò Tó Ẹ̀mí Ìnàkí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé yín ní ẹni tí kò bá sún mọ́ ẹranko dáadáa kò lè ya àwòrán gidi. N kò gbà rárá. Ẹ wo igbó Taï, ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire níbí. Láàárín 1999 sí 2006, àìsàn èémí pa ìnàkí níbẹ̀ léraléra. Ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni fáírọ́ọ̀sì tó fa àìsàn náà ti wá. Ohun tó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán fún wa, ikú ni fún wọn! Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí ibẹ̀ fi ń bo imú bo ẹnu, tí wọ́n sì ń fi nǹkan bíi mítà 7 jìnnà sí wọn.

Ẹni tó bá ní sùúrù lókèèrè ló ń rí abiyamọ ìnàkí tó gbé èso líle ka orí gbòǹgbò, tó ń fi òkúta fọ́ ọ, tí ọmọ rẹ̀ ń nawọ́ gbà. Bí a bá sún mọ́ ọn jù, á ju òkúta sílẹ̀, á gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Àwòrán wo ló kù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ àwòrán ẹni tó gbé ọmọ ìnàkí mọ́ra. Àwọn onímọ̀ àjọ ìdáàbòbò ẹ̀dá IUCN kìlọ̀ ní 2021 pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ ra ẹranko wọ̀nyí sìn nílé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bouaké