Èédú Ilẹ̀ Kì í Ṣe Ẹrù Ojú Títì

Bí ọkọ̀ àjàgbé bá dojú dé lójú títì, awakọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ bú. A ó ní ó mutí, a ó ní oorun ló ń kùn ún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe awakọ̀ ni mo ń bá wí níhìn-ín, bí kò ṣe àwọn tó di ẹrù náà fún un.

Èédú tí àwọn baba wa mọ̀, ara igi ló ti ń wá. Obìnrin kan lè ru ẹ̀kún àpò rẹ̀ lọ sọ́jà. Èédú ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2016 ni èyí tí wọ́n ń wà ní agbègbè Ankpa, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ti di ohun ìdáná fún ìléru sìmẹ́ǹtì ní Ọbájànà. Ìlà-oòrùn Odò Ọya ni Ankpa wà, ìwọ̀-oòrùn ni Ọbájànà. Títì ni wọ́n ń gbé e gbà.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1958 sí 1960 fi hàn pé bí ẹrù tó wà lórí irin tó so táyà ọkọ̀ pọ̀ bá di ìlọ́po 2, ìpalára rẹ̀ fún títì a máa tó ìlọ́po 16. Ta ló ń san gbèsè yìí? Obìnrin tó sá èlùbọ́ sétí títì, tí eruku dúdú bà lé, ń san nínú rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kékeré tó jìn sí kòtò ń san. Ọmọ ilé-ìwé tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kankan ń san pẹ̀lú.

Wọ́n á ní ṣé a kò rí títì kọnkéré 43 kìlómítà láti Ọbájànà dé Kàbà ni. A rí i, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í gbé eruku mì, kì í sì í dín iye ọkọ̀ kù.

Ní ọdún 1915 ni òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú Enugu. Nígbà tí yóò fi di 1916, ojú irin ti so ó mọ́ Port Harcourt. Èrè ara wọn ni wọ́n ń wá, síbẹ̀ wọ́n mọ ọkọ̀ tó yẹ ẹrù. Àwa tí a gba òmìnira ni a gbé e gun títì abúlé! Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò ṣe é ṣe ní Kogí: ní 2020 ni wọ́n ṣí ojú irin Itakpe sí Warri, tó gba Ajaokuta kọjá. Kò dé Ankpa, kò dé Ọbájànà. Ìjọba tó yọ owó orí fún ilé-iṣẹ́ nítorí títì kọnkéré yẹn lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ojú irin. Kí ìyẹn tó dé, kí wọ́n máa wọn èédú náà kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tí wọ́n ti ń wà á, kí wọ́n sì bò ó dáadáa.