Ẹni Tó Béèrè Kì í Ṣe Ọ̀tá

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń fi fóònù dókòwò, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Ìbàdàn, Èkó àti Oǹdó, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tí ẹ ń fi lìǹkì ránṣẹ́ sílé, ẹ̀yin ádímìn gúrúùpù WhatsApp àti Telegram, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Owó wa ń bọ́ sọ́wọ́ olè, ẹnu wa la sì fi ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ rántí Oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ìkànnì ìdókòwò kan tó ń jẹ́ CBEX ti sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀rọ AI ló ń bá wọn ta kírípítò, tó ń bá wọn rà á, pé owó wọn yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Ṣàdédé ni owó kò ṣeé yọ mọ́. Wọ́n tún wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là lé e, káwọn lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni. Ní Ìbàdàn, inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì tó ń jẹ́ orúkọ CBEX, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àga ni wọ́n rí gbé, wọn ò rí owó.

Kí irú nǹkan báyìí tó wó, ẹnì kan máa ń ti béèrè. Gbogbo wa la ti ka irú rẹ̀ rí lórí fóònù wa. Ọ̀kan nínú ọmọ gúrúùpù á kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni èrè yìí ti ń wá?" Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, èsì á ti máa já lura: "Ẹ̀mí òṣì ló ń da ọ̀gbẹ́ni yìí láàmú." "Ẹ fi í sílẹ̀, kó máa jẹ owó oṣù rẹ̀ lọ." "Ádímìn, ẹ yọ ọ́, kó má bàa bá wa ba nǹkan jẹ́." Ádímìn á yọ ọ́. Ẹlòmíràn á fi àwòrán owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àkáǹtì rẹ̀ síbẹ̀, àwọn yòókù á máa kọ "Àmín, tèmi náà á dé." Ìbéèrè ọ̀hún á wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó dá a lóhùn.

Ẹ wo ẹni tí èébú yẹn ṣiṣẹ́ fún. Olè kò tiẹ̀ la ẹnu. Àwa fúnra wa la ti ẹni tó lè gbà wá sílẹ̀ síta. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìwà ọmọlúàbí nínú ọ̀rọ̀ ìdókòwò kọjá ká kàn máa sọ̀rọ̀ dídùn síra wa. Ààbò owó ni. Níbi tí èèyàn bá ti ń bẹ̀rù láti béèrè, jìbìtì ti rílé gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2015 ni ètò ìdókòwò MMM wọ Nàìjíríà pẹ̀lú ìlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Sergei Mavrodi tó ni ín ti ṣe irú rẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ó sì ti wó mọ́ àwọn èèyàn lórí níbẹ̀ lọ́dún 1994. Wọ́n tiẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n nítorí jìbìtì lọ́dún 2007. Gbangba ni ìròyìn yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó bá wá a. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ wá ìròyìn, bírò àti bébà ti tó o. Fi 100,000 náírà sí i, jẹ́ kí ìdá 30 máa gun orí rẹ̀ lóṣooṣù, má ṣe yọ kọ́bọ̀. Bí ọdún kan bá yí po, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2.3. Bí ó bá di ọdún méjì, ó ti kọjá mílíọ̀nù 54. Iṣẹ́ wo lábẹ́ ọ̀run ló ń pa irú èrè bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti wọlé? Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tó ti wà níbẹ̀. Sọgúndogójì àtijọ́ náà ni. Ní 13 Oṣù Kejìlá 2016, tí Kérésìmesì ku ọjọ́ 12, MMM ti owó àwọn èèyàn pa. Lẹ́yìn náà ni àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báńkì sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ àwọn onígbájú-ẹ̀ nìkan ni owó ti ń sọnù. Nvidia, ilé-iṣẹ́ gidi tó ń ṣe ohun tí AI fi ń ṣiṣẹ́, pàdánù nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ ní 27 Oṣù Kìn-ín-ní 2025. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 600 dọ́là lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìpín ilé-iṣẹ́ GameStop ní Amẹ́ríkà kọjá 480 dọ́là ní 28 Oṣù Kìn-ín-ní 2021, nígbà tí ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e sókè. Kí oṣù kan tó pé, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 40 dọ́là. Ẹni tó rà á lókè kò rí ẹni tó pariwo mú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí kálukú mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ ara òun tẹ fóònù, òun lòun rà á. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ dókòwò. Kó wo ẹ̀yìn wò, kó mọ ibi tó ti ṣì í ṣe, kó tó máa wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi kọ́ lọ́rùn.

Àwọn òbí wa mọ bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ owó láìsí èébú. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, akápò á ka ìṣirò owó sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ìyá tó ń ta ata lè dìde kó ní, "Akápò, ẹ ka ti oṣù tó kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, kò yé mi." Wọ́n á kà á. Kò sẹ́ni tí yóò pè é ní ọ̀tá ẹgbẹ́, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ ló ń mú akápò dúró ṣinṣin. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ ni, a kì í sì í rí ojú ara wa lórí fóònù. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ìbéèrè wa pọ̀ sí i níbẹ̀, kí èébú sì dín kù.

Nítorí náà, mò ń pè yín, kálukú sí ojúṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi owó sílẹ̀: Ta ló ni ètò náà? Níbo lèrè ti ń wá? Ṣé àjọ SEC tó ń bójú tó ìdókòwò fún un ní ìwé àṣẹ? Ẹ béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé CAC tàn yín. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ kò ju pé wọ́n ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ, kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú. Owó ilé-ìwé ọmọ, owó ilé àti owó tí ẹ yá, ẹ má ṣe kó o débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe èèyàn wọlé: bí wọ́n bá ń san nǹkan fún yín lórí ẹni tó bá gba orí lìǹkì yín wọlé, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fi lìǹkì ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi àwòrán èrè hàn, ẹ fi ti àdánù hàn pẹ̀lú. Ẹ sì mọ̀ pé òfin ti yí padà. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà sókè nílẹ̀ de àwọn tó ń gbé sọgúndogójì lárugẹ. "Èmi kàn fi ránṣẹ́ ni" lè má gbà yín.

Ẹ̀yin ádímìn: ẹni tó bú èèyàn lẹ máa yọ. Ẹni tó béèrè, ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹ sì wá ìdáhùn fún un.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun: ọ̀rọ̀ yín tẹ̀wọ̀n ju ti ọmọ kékeré lọ. Bí ẹ bá ní "ó dáa", ẹlòmíràn á torí ẹ̀ ta ilẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá yẹ̀ wò, ẹ má fi orúkọ yín tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sì fi kọ́bọ̀ sí i, ojúṣe tiyín ló wúwo jù lọ́jọ́ tó bá wó. Ẹ má ṣe fi ẹni tó pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ojú ń tì kò ní lọ sọ fún àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì, kò ní sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ní kìlọ̀ fún aládùúgbò. Ìkọ̀kọ̀ yẹn ni olè kejì máa ń bá a sí, èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó lè bá a gba owó padà, tó bá ti kọ́kọ́ san "owó fọ́ọ̀mù". Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ó yẹ kí ará ẹ̀yìn kọ́gbọ́n. Àmọ́ báwo ni ará ẹ̀yìn ṣe fẹ́ kọ́gbọ́n, bí a bá ti fi ẹ̀rín pa ará iwájú lẹ́nu mọ́?

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wọ gúrúùpù ìdókòwò tí ẹ wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá dáhùn tó yé yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Bí wọ́n bá bú yín tàbí tí wọ́n yọ yín, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Ẹ yọ èyí tó bá ṣì ṣeé yọ nínú owó yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí yín.