Ìwé Wo Ni Kí A Jọ Kà Nínú Ilé?

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá máa ń bi mí nígbà gbogbo. Wọn a ní: “Ìwé wo ni ó mọ́, tí a lè kà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, tí ojú kò ní tì wá nígbà tí a bá dé àárín rẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí a bá ti kírun Ìṣáì tán, kálukú a gba igun tirẹ̀ lọ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹnì kan kò sì mọ ohun tí ẹnì kejì ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé àkókò yẹn gan-an ni àwọn ìyá wa àgbà ń pe ọmọ jọ, tí wọ́n ń pa àlọ́ fún wọn.

Ìdáhùn mi rèé. Ìwé tí ó mọ́ kì í ṣe èyí tí kò sí ìwà ìkà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a kò bá tí pa àlọ́ ìjàpá fún ọmọ kankan, nítorí olè àti ọ̀kánjúwà ni ìjàpá. Ìwé tí ó mọ́ ni èyí tí ó pe ìkà ní ìkà, tí kò sì jẹ́ kí ó wu ọmọ láti hù ú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí a ń pè ní Kalila wa Dimna. Ilẹ̀ Íńdíà ni ìtàn inú rẹ̀ ti ṣẹ̀. Wọ́n tú u sí èdè Páṣíà. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 1,200 ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Muqaffa, ọmọ Páṣíà kan tí ó gbé ní ìlú Basra, tú u sí èdè Lárúbáwá. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ayé.

Kalila àti Dimna jẹ́ ajáko méjì, ẹranko tí ó dà bí ajá inú igbó. Kìnnìún ọba ẹranko ní ọ̀rẹ́ tuntun kan, akọ màlúù, ọ̀rẹ́ náà sì wọ̀ gan-an. Dimna ń jowú. Ó lọ bá kìnnìún, ó ní màlúù ń gbèrò ibi sí i. Ó tún lọ bá màlúù, ó ní kìnnìún fẹ́ pa á jẹ. Kalila kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ méjèèjì pàdé, ara fu olúkúlùkù sí ẹnì kejì, kìnnìún sì pa màlúù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àbámọ̀ dé.

Nínú ìwé ti àwọn ará Íńdíà, ajáko náà kò jìyà. Ipò ńlá ni ó dì mú lọ́dọ̀ kìnnìún. Ṣùgbọ́n nínú ti Lárúbáwá, a fi ẹjọ́ Dimna kún un. Ẹkùn ti gbọ́ nígbà tí Kalila ń bá Dimna wí, ó sì lọ sọ fún ìyá kìnnìún. Ìyá yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. A ro ẹjọ́ Dimna ní gbangba, ikú ni ó sì fi ṣe èrè. Ohun tí mo ń wí nípa ìwé tí ó mọ́ nìyẹn.

Ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń lọ sí ilé kéwú ni ó mú ìwé náà wálé. Èmi kò gbọ́ Lárúbáwá ju èyí tí mo fi ń kírun lọ. Òun a ka gbólóhùn kan, a sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa, bí àáfáà ti ń ṣe níbi wáàsí.

Ní àkókò náà, èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a jọ ń gbé inú ilé kan, kò rẹ́ mọ́. “Ẹ káàárọ̀,” “Ẹ káalẹ́,” ọ̀rọ̀ wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún nǹkan bí oṣù kan, n kò sì mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ tí a ka ibi tí Dimna ti ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 10, dákẹ́ lọ títí. Nígbà tí ó yá, ó ní: “Màmá, bí ènìyàn kò bá purọ́, tí ó kàn sọ ohun tí ó gbọ́, ṣé Dimna ni òun náà?”

Mo bi í pé kí ni ó gbọ́, ta ni ó sì sọ ọ́ fún. Ẹkún ni ó bú sí. Mo ti sọ ní ìdí iná ní ọjọ́ kan pé ìyàwó náà kò mọ owó ná. Ọmọ yìí sì lọ sọ ọ́ fún un nígbà tí ìyẹn ń di irun fún un.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni kí n nà? Ọmọ ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ó ti gbé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dáná, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní: “Ìyàwó, mo sọ ọ́, kò sì yẹ kí n sọ ọ́. Má bínú.” Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ìyálé mi, èmi náà ti sọ tiyín níbòmíràn. Ẹ má bínú.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ mọ bí ẹjọ́ Dimna yóò ti parí.

Ṣé ìwé Lárúbáwá nìkan ni ó dára? Rárá o. J. F. Ọdúnjọ kọ àwọn ìwé Aláwìíyé, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ Yorùbá kà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, àwọn ìyá mìíràn sì ń bẹ̀rù iwin àti oògùn inú ìwé Fágúnwà. Èmi kò ní ẹ má kà á, nítorí Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀, ìmọ̀ràn inú rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí a ti ń pe ọfọ̀, ẹ dúró, kí ẹ sọ ohun tí ẹ̀sìn wa wí fún ọmọ. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ sàn ju èyí tí ó lọ kà á ní kọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dá ìwé kà kí ẹ tó pe ọmọ sí i. Ẹ má kà ju ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ ní alẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí baba ọmọ náà kà, kí àwọn ọmọ máa rí i. Fún àwọn kéékèèké, ẹ fi ìtàn àwọn àdàbà inú Kalila wa Dimna bẹ̀rẹ̀: àwọ̀n mú wọn, wọ́n sì jọ fò pọ̀ tàwọ̀n-tàwọ̀n lọ sí ọ̀dọ̀ eku tí ó bá wọn gé e. Bí ọmọ bá sì béèrè ọ̀rọ̀ tí ó dun yín, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́.

Olófòófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Mo ti mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ìtàn ajáko ni ó jẹ́ kí n fi í bá ara mi wí. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.