Hẹ̀rẹ̀huru Kì Í Mọ Ààlà

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Olè àti ọ̀mùtí la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Lójú tèmi, orí àjàkálẹ̀-àrùn ló ti mú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa Ebola.

Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni ọmọ kékeré kan kú ní abúlé Meliandou, ní Guéckédou lórílẹ̀-èdè Gínì. Oṣù Kẹta ọdún 2014 ni ayé tó mọ̀ pé Ebola ni. Guéckédou kò jìnnà sí ààlà Làìbéríà àti Sierra Leone, àwọn ẹ̀yà Kissi sì wà káàkiri orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wọ́n jọ ń nájà, wọ́n jọ ń sin òkú. Àrùn bá wọn rìn; ìròyìn kò bá a rìn. Ẹni tó lé ní 11,300 ló kú.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, àrùn náà bá èrò ọkọ̀ òfurufú kan wọ Èkó. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kọ̀, kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde nílé ìwòsàn, láìka gbogbo ìhàlẹ̀ sí. Àrùn ọ̀hún pa òun náà lóṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí púpọ̀ nínú wọn ti fi gbígbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ kọ́ṣẹ́, wá àwọn tó súnmọ́ aláìsàn kàn, nǹkan bí 900 ènìyàn. Ojúlé dé ojúlé, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ìbẹ̀wò wọn tó 18,500. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, ó sì tán nílẹ̀ wa lóṣù Kẹwàá.

Òwe náà ní ká sọ fún ará ilé. Kò ní ká lé e síta. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Nígbà tí South Africa kéde Omicron, ẹ̀yà àrùn Kòrónà kan, lóṣù Kọkànlá ọdún 2021, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn mọ́ àwọn èrò ibẹ̀. Ẹni tó sọ òótọ́ ló jìyà. Ta ni yóò tún yára sọ? Owó ọjà àti ti arìnrìn-àjò tí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ pàdánù, ó yẹ kí àwọn yòókù jọ dá a padà fún un.

Kí àjàkálẹ̀ mìíràn tó dé, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera ní Guéckédou ti ní nọ́ńbà fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Foya ní Làìbéríà àti Kailahun ní Sierra Leone lọ́wọ́, kó sì lè pè wọ́n lóru, láìdúró de àṣẹ láti Conakry, olú-ìlú Gínì.