Ta Ni Yóò Sọ Àléébù Ṣọ́ọ̀kì Àlòkù?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí pé kí ni ìmọ̀ èdè fẹ́ ṣe fún ẹni tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mú wá lónìí, kì í sì í ṣe ọjà iṣu tàbí ti aṣọ òkè. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ni.

Ọkọ̀ Golf àlòkù kan ni mo rà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ti yọ ṣọ́ọ̀kì àti sipíríǹgì tí ó bá ọkọ̀ náà wá, ó sì ti fi irú èyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò rọ́pò wọn. Irú rẹ̀ le, ó sì kúrú. Ó máa ń mú kí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, kí ó má sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá fi eré yà ní kọ́nà. Ohun tí ó dára ni lórí títì tí ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tiwa, níbi tí kòtò ti ń pe kòtò rán níṣẹ́, ẹ̀yìn mi ni ó ń jìyà rẹ̀. Mo yọ wọ́n, mo sì pinnu láti ta wọ́n fúnra mi, láìgbé wọn lọ bá àwọn oníṣòwò Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, n'Íbàdàn.

Mẹkáníìkì mi tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó sì tọ́ka sí ọ̀kan tí ọ́ìlì ti ń jò lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, kí n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Bí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀, bíi tuntun ni yóò rí." Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ṣé ẹ ò gbọ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà ni? Owó lọ́wọ́ là ń ra èké."

Òwe yìí ni ó mú mi kọ̀wé. Àwọn àgbà tí ó pa á, ẹ̀dùn ọkàn ni wọ́n ń sọ: wọ́n ń ráhùn nípa ọjà tí ó ti bàjẹ́. Àwa wá sọ ìráhùn di ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ parọ́ lọ́jà a kọ́kọ́ pa òwe náà, bí ẹni pé àwọn baba wa ni ó rán an.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ta ọjà wọ̀nyí. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. Lónìí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti ṣọ́ọ̀kì náà ti ń jẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní Bẹ́líjíọ̀mù. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún gbọ́ ni méjèèjì. Ibi tí ọjà ti wá ni wọ́n ń sọ fún wa. Wọn kì í sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ẹni tí ń rà la ojú rẹ̀ sílẹ̀." Mo gbọ́. Nígbà kan rí, àwọn ìyá wa a máa pàtẹ ọsàn tàbí iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì iye owó rẹ̀, wọn a sì bá tiwọn lọ. Olùrà a mú ọjà, a sì fi owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lè rí ọsàn tí ó rà. Inú agolo irin ni àrùn ṣọ́ọ̀kì ń gbé. Bí ó bá ti kú, táyà kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́, bíréèkì a sì pẹ́ kí ó tó mú ọkọ̀ dúró, pàápàá lórí ọ̀nà tí kò tẹ́jú. Ìyàwó àti ọmọ olùrà lè wà nínú ọkọ̀ náà.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú òfin ọjà títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, èyí tí òfin ọjà tiwa ti ṣẹ̀ wá, ẹni tí ó fi ọjà náà ṣe òwò ni ó ń dáhùn fún bí ó ṣe dára sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àpèjúwe ta ọjà, ó gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, ìbáà jẹ́ oníṣòwò ni ó tà á tàbí èèyàn bíi tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ó ń dè wá.

Nítorí náà, kí ni ó yẹ kí olùtà sọ? Kí ó sọ irú ọkọ̀ àti ọdún ọkọ̀ tí ó bá a mu, àti nọ́ḿbà tí a kọ sí ara rẹ̀. Kí ó sọ bí ó ti rìn tó, bí ó bá mọ̀ ọ́n, ìdí tí a fi yọ ọ́, àti bóyá ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí. Kí ó ya àwòrán ọ̀pá inú rẹ̀ ní fífà jáde, kí olùrà lè rí ìpatà tàbí ibi tí ó ti họ. Bí sipíríǹgì bá sán, bí rọ́bà bá ti gbó, kí ó wí. Kí ó má sì kùn ún.

Èmi sọ gbogbo rẹ̀. Olùrà àkọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀kan ń jò, kò sì pè mí mọ́. Ẹnì kejì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra sipíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjì. Ó fi méjì iwájú sílẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, méjèèjì ni a máa ń pààrọ̀ pọ̀. Owó tí mo gbà kò tó ìdajì ohun tí mo fọkàn sí. Mẹkáníìkì mi ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo pàdánù owó, n kò ní purọ́ pé n kò pàdánù. Ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé ọmọ náà lọ́nà, n kò ní yẹjú. Kí ni èrò tiyín, ẹ̀yin èèyàn mi?