Tọkọtaya Amẹ́ríkà, ẹ má fi owó oṣù pamọ́ fún ara yín

Lóṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn ọmọ wa kan l'Amẹ́ríkà a máa sọ fún òbí wọn nílé pé àwọn jẹ ìjọba lówó-orí. Òbí mìíràn á ní irọ́ ni, ṣebí wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn? Kì í ṣe irọ́ o.

Bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ ń ṣiṣẹ́, tí kò sí èyí tó fi hàn nínú fọ́ọ̀mù W-4 pé ẹnì kejì òun náà ń gbowó, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣírò bí ẹni pé owó kan ṣoṣo ló ń wọlé. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gba $60,000 lọ́dún 2024, láìsí ọmọ tàbí ẹ̀dínwó mìíràn: $6,464 ni wọn yóò yọ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ $10,432 ni owó-orí ìjọba àpapọ̀ wọn. Gbèsè $3,968 nìyẹn! Ìdí pàtàkì ni pé $29,200 tí tọkọtaya kì í san owó-orí lé lórí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́.

Àpótí kékeré kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà láti 2020. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ méjì péré, tí owó wọn sún mọ́ra, kí àwọn méjèèjì fàmì sí i.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ bóyá owó sún mọ́ra, nígbà tí ọkọ ń fi tirẹ̀ pamọ́, tí ìyàwó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àṣà yìí ni mo bá wí. Ìwé kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn jọ ń fọwọ́ sí lóṣù kẹrin, aṣírí á ṣáà tú. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bínú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jọ jókòó ti fọ́ọ̀mù náà.