Ọ̀dà tuntun kì í wo férémù tó ti là sàn

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ti ọlọ́kadà tó ń bá èrò jà lórí ṣéńjì o. Ọ̀rọ̀ irin tó gbé ọ̀kadà ró gan-an ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní férémù. Àwọn tó ní ọ̀kadà gíga yẹn, tí táyà ẹ̀ ní eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní dirt bike, ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá wí, nítorí ẹrẹ̀ àti òkúta ni tiwọn ń bá wọ̀yá ìjà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀kadà lásán lọ síbi iṣẹ́, tàbí tẹ́ ẹ fi ń kó ẹrù kiri ìgboro, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, ó kàn yín.

Kì í pẹ́ tí ọ̀dà ara férémù fi máa ń ṣí. Bàtà á máa ha á lápá ibi ìtẹ̀sẹ̀, òkúta á máa ta bà á nísàlẹ̀, omi á ráyè wọlé, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ìgbà yẹn ni àwọn olùdámọ̀ràn máa ń pọ̀. Ọ̀rẹ́ kan á ní kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe pọ́dà kótìn, pé ọ̀dà tiwọn kì í ṣí láéláé. Òmíràn á ní kẹ́ ẹ má ná ìná àpà, kẹ́ ẹ gbé e fún pẹ́ńtà lábẹ́ igi, pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, yóò ti máa dán gbinrin. Èwo ni ká wá ṣe? Mi ò ní sọ̀rọ̀ bọpo-bọyọ̀. Méjèèjì ló dáa, méjèèjì náà ló sì lè pa èèyàn, tí ẹni tó fẹ́ kùn ún kò bá kọ́kọ́ wo ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí pọ́dà kótìn jẹ́ ná, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń fi orúkọ yìí pe ohun mìíràn. Kò sí tínà nínú ẹ̀, kò sì sí omi. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, ó kúnná bí àtíkè. Wọ́n á so férémù kọ́ sókè, wọ́n á fi ìbọn kan fọ́n ìyẹ̀fun náà sí i lára. Iná mànàmáná tí ìbọn yẹn fi sára ìyẹ̀fun ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í bọ inú ófùn, tí ìgbóná ẹ̀ máa ń wà láàárín 180 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ rántí pé 100 ni omi fi ń hó. Tí irin náà fúnra ẹ̀ bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20, ìyẹ̀fun á yọ́, á sì gan pọ̀ di awọ kan ṣoṣo tó le kokoko. Tó bá ti tutù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀kadà yín padà lọ́jọ́ náà.

Ẹ ti rí i rí o, ẹ lè má mọ̀ ni. Púpọ̀ nínú fèrèsé alumíníọ̀mù aláwọ̀ tó wà nínú àwọn ilé wa, pọ́dà kótìn ló wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn pẹ́ńtà mọ́tò ń pè ní ófùn béèkì, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀dà olómi ni ìyẹn, tí wọ́n fín tán tí wọ́n fi ooru bíi 60 gbẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó pọ́dà lọ́wọ́ yín, kó wá fi ọ̀dà olómi ṣe é fún yín.

Ibi tí pọ́dà ti ga ju ọ̀dà olómi lọ ni líle. Tí wọ́n bá pín mílímítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, pọ́dà máa ń nípọn tó 60 sí 80 nínú ẹ̀, ó sì lẹ́ra díẹ̀. Òkúta kékeré á ta bà á, á ta dànù. Bàtà á ha á títí, kò ní tètè ṣí. Ẹni tó ń gun òkè, tó ń la inú ẹrẹ̀ kọjá, tó tún ń fi omi alágbára fọ ọ̀kadà ẹ̀, á gbádùn ẹ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èkejì. Awọ tó nípọn yẹn kì í mọ ibi tó yẹ kóun dé. Tí wọn ò bá fi nǹkan dí ojú ihò tí bóòtù ń gbà wọlé, bóòtù ò ní wọlé mọ́. Tí wọn ò bá dí ibi tí bíárìn ọrùn férémù ń jókòó sí, bíárìn ò ní jókòó dáadáa. Tó bá wà lábẹ́ bóòtù tó di ẹ́ńjìnnì mú, ó lè fún mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí bóòtù náà sì dẹ̀. Tó bá sì bo ibi tí wáyà áàtì ti ń fara kan irin, iná ọ̀kadà á máa ṣe ségesège, mẹkáníìkì á sì máa tú ohun tí kò bà jẹ́. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ fi han ẹni tó fẹ́ ṣe é, kẹ́ ẹ tó fi férémù sílẹ̀ fún un.

Àléébù tó tún burú jù nìyí: tí nǹkan mímú bá gé pọ́dà dé irin, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á máa rìn lábẹ́ awọ yẹn láìsí ẹni tó rí i. Lókè ó ń dán, nísàlẹ̀ ó ń jẹrà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi èékánná kàn án, odindi awọ ló máa ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sì ṣeé tún ṣe lójú kan bí ẹni lẹ aṣọ, àfi kí wọ́n bó gbogbo férémù kúrò látìbẹ̀rẹ̀. Bíbó ẹ̀ náà, iṣẹ́ ńlá ni.

Ọ̀dà olómi wá ńkọ́? Òun náà kì í ṣe ẹrú. Ọ̀dà tó ní líle tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pò pọ̀ kí wọ́n tó fín in, lágbára gan-an tó bá gbẹ tán, bó tiẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó le débi tó yẹ kó le dé. Òkúta á máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tó bá bù, ẹ̀yin fúnra yín á rí i, ẹ ó fi sáńpépà ha á, ẹ ó fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ àti ọ̀dà òkè tọ́ ọ lójú kan náà, ó parí. Tí férémù bá kán, tí àwọn ajórin jó o pọ̀, ibi tí iná jó nìkan lẹ máa kùn. Fún ọ̀kadà tó ń ru àpò sìmẹ́ǹtì àti èrò méjì, tí kì í pẹ́ kó tó tún dé ọ̀dọ̀ ajórin, èmi gbà pé ọ̀dà olómi ló bọ́gbọ́n mu. Kí ni èèyàn fẹ́ fi pọ́dà ṣe lára ohun tí wọ́n tún máa fi iná jó kọ́dún tó yí po?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀ o. Ohun tó ń mú irú ọ̀dà yẹn le, isocyanate ló wà nínú ẹ̀, ó sì lè kó ikọ́ fée ba ẹni tó ń fín in, àìsàn tí kì í fẹ́ lọ bọ̀rọ̀. Aṣọ tí pẹ́ńtà dì mọ́ imú kò lè dá a dúró, ìbòmú lásán náà kò lè dá a dúró. Ìbòmú tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù gbé afẹ́fẹ́ tó mọ́ wọ̀ ló dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró ti pẹ́ńtà títí yóò fi parí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró lọ́nà jíjìn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí ní ìdí iṣẹ́ pẹ́ńtà:

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní bó ọ̀dà àtijọ́ yìí kúrò ni?”

“Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá ti fi bọ́dì fílà dí i, ta ni yóò mọ̀?”

Férémù ni yóò mọ̀! Bọ́dì fílà kì í ṣe fìlà téèyàn fi ń bo orí tó pá. Ó lè bo ihò, ó lè bo ibi tó là, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù. Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ tó rẹwà nígbà tí irin ń là, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá ni. Tí ọrùn férémù bá kán lójú eré, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá pupa ni wọ́n kùn ún tàbí dúdú.

Nítorí náà, èyí ni kẹ́ ẹ ṣe, ìbáà ṣe pọ́dà, ìbáà ṣe ọ̀dà. Ẹ tú gbogbo nǹkan kúrò lára férémù, ẹ́ńjìnnì, wáyà, bíárìn, rọ́bà, kó ku irin nìkan. Ẹ fọ gíríìsì àti ọ́ìlì kúrò, torí ọ́ìlì tó bá sá pamọ́ sínú irin, ooru ófùn á lé e jáde, pọ́dà á sì lé ròrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tu iyanrìn bó o dé irin funfun. Ìgbà yẹn lẹ wá máa wò ó: ọrùn níbi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti wọlé, ibi tí wọ́n jó ìtẹ̀sẹ̀ mọ́, ibi tí ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn dì mú, àti ibi tí apá tó gbé táyà ẹ̀yìn ti ń mì.

Ọgbọ́n àwọn àgbà mẹkáníìkì kan wà tí kò gba owó. Ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú ibi tẹ́ ẹ ń fura sí, ẹ dúró díẹ̀, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá bu ẹfun àwọn tíṣà tẹ́ ẹ ti lọ̀ kúnná sí i lórí. Tó bá ti là, kẹrosíìnì tó wọ inú ibẹ̀ á padà jáde, á fa ìlà tútù tín-ín-rín sára ẹfun náà. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà yẹn, ọ̀dọ̀ ajórin tó mọṣẹ́ lọ̀nà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ kẹrosíìnì ọ̀hún kúrò pátápátá, ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí wọ́n ti bó kò gbọdọ̀ sùn síta lálẹ́, nítorí ní ilẹ̀ wa tó lọ́rinrin yìí, wákàtí díẹ̀ ti tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bó o náà ni kí ọ̀dà ìsàlẹ̀ gun un. Tó bá jẹ́ pọ́dà lẹ fẹ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ọ̀dà ìsàlẹ̀ oní-síńkì fún irin, pàápàá tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù fèrèsé ni wọ́n sábà máa ń ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì sí i. Àkọ́kọ́, bọ́dì fílà lásán kì í lè fara da ooru ófùn, nítorí náà férémù tí wọ́n ti fi dí ihò kò ṣeé ṣe ní pọ́dà. Èkejì, kì í ṣe gbogbo férémù ló jẹ́ irin. Ọdún 1997 ni Honda gbé CR250R tó ní férémù alumíníọ̀mù jáde, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní Japan náà sì tẹ̀ lé e. KTM ti ilẹ̀ Austria ní tiẹ̀ kò fi irin sílẹ̀. Ẹ fi òòfà kàn án: tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni. Ooru ni wọ́n fi sọ irú alumíníọ̀mù bẹ́ẹ̀ di líle, ooru tó bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù sì lè sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹ̀dà tó bá ní irú ẹ̀, kó fi ọ̀dà olómi mọ, tàbí kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọrùn férémù. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá fẹ́ wò ó tí kò rí i kà, àlàyé ọ̀dà ò ní wọ̀ wọ́n létí. Tẹ́ ẹ bá yí àwọ̀ ọ̀kadà padà, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ sínú ìwé ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ọ̀kadà ọlọ́dún mẹ́wàá tí férémù ẹ̀ ń dán bíi ti àná, ẹ má tíì yọwó. Ẹ ní kí wọ́n ṣí táńkì àti ìjókòó, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ pa abẹ́ ọrùn férémù, kẹ́ ẹ wo ojú ibi tí wọ́n jó o. Tí ẹni tó ń tà á bá ń bínú pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò jù, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Férémù irin tó le, tí kò là, tí kò ní bọ́dì fílà lára, tí yóò máa jẹ òkúta àti ẹrẹ̀: ẹ ṣe é ní pọ́dà. Èyí tí ajórin ń rí lóòrèkóòrè, tàbí tó jẹ́ alumíníọ̀mù: ẹ fi ọ̀dà olómi kùn ún. Èyí tó ti là, tí kò ṣeé jó mọ́: ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kẹ́ ẹ má tà á fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná, ọ̀nà á sàn wá o.